Ẹ Béèrè Ọdún Orin Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa, ó sì yẹ kí á gbé e síta kí gbogbo ẹgbẹ́ lè dá sí i. Ọ̀rọ̀ orin ni. Nígbàkúùgbà tí a bá ṣe àpèjẹ, ṣe ni a máa ń pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan yóò ní kí wọ́n gbé "orin àwọn bàbá" kúrò, pé oorun ló ń kun àwọn. Àwọn kejì yóò ní orin gidi ti kú láti ọjọ́ tí Àyìnlá Ọmọwúrà ti kú ní 1980, pé ariwo lásán ni gbogbo èyí tó kù. Ní tiwa o, etí kan ṣoṣo ni ìhà méjèèjì fi ń gbọ́ orin.

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọdún ni ó yẹ kí á máa wò kí á tó dá orin lẹ́jọ́. Jùjú tí Túndé King ń kọ ní Èkó láàárín 1930 sí 1939 yàtọ̀ sí ti I. K. Dáíró, ẹni tó mú akọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Ti Dáíró náà yàtọ̀ sí ti Ebenezer Obey àti Sunny Adé, tí gìtá bíi mélòó kan ń dá ara wọn lóhùn nínú tiwọn. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú àpò kan, tó pè é ní "orin àtijọ́", dà bí ẹni tó ní ohùn kan náà ni Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo Àyìnlá fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí Túndé Kèlání ti gbé fíìmù Àyìnlá jáde ní 2021, púpọ̀ nínú wa ló ń kọ orin bàbá náà kiri ọgbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló tẹ̀ síwájú láti gbọ́ odidi àwo kan? Ó ṣe àwo kan tó pè ní Owó Údọ́jì. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ní nǹkan bí 1974 sí 1975 ni ìjọba ológun fi owó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Údọ́jì ti jábọ̀, yóò kàn máa mi orí sí ìlù ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ohun tó wà lẹ́nu gbogbo ọjà àti ọ́fíìsì ìgbà náà ni olórin mú kọrin.

Àwọn olórin gan-an mọ̀ pé orin kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Àwo tí Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ ṣe ní 1948, èyí tó fi kí Orímọlúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adébóyè, kò tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà ni ó padà sí orin náà, tó tún un ṣe, òkìkí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Sunny Adé náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú orin tó wà nínú Juju Music, àwo tó gbé e dé etí àwọn òyìnbó ní 1982, ni àwọn ará ilé ti ń jó sí tẹ́lẹ̀. Ní ilé, ojú àwo kan lè lọ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìdúró, tí orin kan ń wọ inú èkejì. Ti 1982 jẹ́ orin méje tí kálukú dá dúró. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gba ọ̀nà tó dára, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló ṣì wà.

Ibi tó ń dùn wá nìyí. Ìṣẹ́jú kan péré ni ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ lórí fóònù kí a tó fò lọ sí òmíràn. Ibi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀, ibi tí ara olórin ti yá tó ń da òwe lé òwe, àárín àwo ló sábà máa ń wà. Ẹni tó bá gé orí orin sá lọ kò lè débẹ̀ láé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Mínnà ju ẹnikẹ́ni lọ. Háúsá ni a fi ṣeré ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi kọ́ wa níwèé. Yorùbá tó kọjá "wá jẹun" àti "lọ sùn", kásẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ bàbá wa ló kọ́ wa. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ oríkì, òwe, àti orúkọ ìlú tí a kò dé rí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wà báyìí, àwọn mìíràn ti hu, àwọn mìíràn ti já. Ọjọ́ tí àwọn òbí wa bá kó kúrò nílé, ààtàn ni wọ́n ń lọ. Kí ni a ó wá fi kọ́ àwọn ọmọ tiwa?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé orin wa kò kan ibi tí a ń gbé. Ní 1976, Sàláwà Àbẹ̀ní, tó wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi àwo wákà rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀ Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ọmọ Kánò, tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní orin ti kú, ẹ dákun, ẹ rántí pé tuntun ni fújì náà rí nígbà kan. Láti inú wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ ní sààrì, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú un jáde. Wàsíù Àyìndé, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Barrister, gbé Talazo '84 jáde ní 1984. Ọ̀gá náà gbé Fuji Garbage tirẹ̀ jáde ní 1988. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn elégbè ṣe ń gbe Asake nínú àwo tó ṣe ní 2022 yóò mọ̀ pé ọmọ ilé fújì ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sá fún orin bàbá, ẹ rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa máa gbọ́ odidi àwo kan lóṣooṣù, kí ẹni tó mú un wá sọ ọdún rẹ̀ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà. Èkejì, bí a bá lọ sí ìsinmi, kí a kó kásẹ́ẹ̀tì àwọn òbí wa jáde, kí a kọ orúkọ àti ọdún sí i lára, kí a sì dà á sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó bàjẹ́. Ẹ̀kẹta, kí kálukú mú olórin kan ṣoṣo, kí ó gbọ́ ọ láti àwo àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ọdún.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi orin ìgbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá dé, tí ẹ bá délé, kí ẹ tó béèrè oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ bi bàbá àti ìyá yín pé níbo ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì wà. Ire o.