Ẹ Má Ya Àwọn Ọmọ Tó Jọ Sá Àsálà

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ tuurutu bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n lọ́nà? Mo mọ̀ pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe ejò, àwọn ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn kò sì ní oró lẹ́nu. Síbẹ̀, n kò rí òwe mìíràn tó bá ìyà wọn mu tó báyìí, nítorí pé àjọrìn nìkan ni ohun ìjà tí Ọlọ́run fi lé wọn lọ́wọ́, òun náà ni a sì ń gbà lọ́wọ́ wọn kété tí wọ́n bá dé ibi ìsádi.

Àwọn ọmọ ogúnléndé tó ń dá dé sí ilẹ̀ Britain láìsí bàbá, láìsí ìyá, ni mo ń wí: ọmọ Eritrea, ọmọ Sudan, ọmọ Afghanistan, tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 18, tí ọ̀pọ̀ wọn sì gba orí òkun wọ Dover nínú ọkọ̀ rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń pín wọn káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n sì sọ ètò náà di ọ̀ranyàn ní ìparí ọdún 2021. N kò jiyàn pé ẹrù náà wúwo jù fún Kent, ìjọba ìbílẹ̀ tí Dover wà lábẹ́ rẹ̀, nìkan, ó sì tọ́ kí gbogbo ilẹ̀ náà jọ rù ú.

Bí a ṣe ń pín wọn ló ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọkùnrin méjì tó pàdé ní Libya, tí wọ́n jọ sun inú àgọ́ kan ní Calais ní ilẹ̀ Faransé, tí tẹlifóònù kan ṣoṣo wà láàárín wọn, tí nọ́ńbà ìyá àwọn méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀ fún èkejì, èkejì ló sì di apá rẹ̀ mú nígbà tí omi ń wọ inú ọkọ̀. Wọ́n gúnlẹ̀, a kọ orúkọ wọn, ọkọ̀ kan gbé ọ̀kan lọ sí ìhà àríwá, òmíràn gbé èkejì lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí tẹlifóònù kò bá lọ kò mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lórí. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ìlànà ní kí a má yà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rẹ́ lásán ni wọ́n. Lásán kẹ̀! Òfin ilẹ̀ Britain kan náà ni kò gba ọmọ ogúnléndé láyè láti ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá rẹ̀ wá bá a, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní ìwé ààbò. A ti gba òbí lọ́wọ́ rẹ̀, a tún wá gba ọ̀rẹ́; ta ló kù tí yóò bi í léèrè pé ṣé ó jẹun? Ní oṣù kìíní ọdún 2023, mínísítà kan sọ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé nínú nǹkan bí 4,600 irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi sí òtẹ́ẹ̀lì láti oṣù keje ọdún 2021, 200 ni a kò tíì rí. N kò sọ pé ìyapa ọ̀rẹ́ ló sọ wọ́n nù. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó bá wà nínú yàrá kan náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé ibùsùn ṣófo.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rẹ́ kítíkítí, iyèkan kàtàkàtà, bí ọ̀rẹ́ bá kú, iyèkan ni yóò sin ín. Òótọ́ ni, níbi tí iyèkan bá wà nítòsí. Iyèkan àwọn wọ̀nyí wà ní Asmara àti Khartoum. Ẹlòmíràn yóò ní afìniṣòwò lè fi orúkọ ọ̀rẹ́ bojú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a bi ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ní èdè rẹ̀.

Ìṣirò ìjọba kò ní bàjẹ́ bí ọ̀rẹ́ méjì bá lọ sí ìlú kan. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ sínú ilé yín, ọwọ́ yín ni ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbà kọjá: kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ bi ọmọ náà pé, "Ìwọ àti ta ni ẹ jọ dé?" Ẹ kọ orúkọ tó bá dá sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ sí i, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín ibi tí wọ́n ń gbé ẹni náà lọ.