Ẹ Ṣí Àkọsílẹ̀ Ilé Sílẹ̀ fún Aráàlú

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa,

Ní òpin oṣù Èrèlé ọdún 2022, ilé alájà púpọ̀ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní Treichville, nínú ìlú Abidjan yìí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí òmíràn fi wó ní Angré, ní agbègbè Cocody. Ẹ̀mí ṣòfò níbi méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ Treichville bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn ti kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀.

Bí ilé bá ti wó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ta ló fún wọn láṣẹ? Àjà mélòó ni ìjọba fọwọ́ sí? Ta ló yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò? Inú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba ló yẹ kí ìdáhùn wà. Onílé lè mọ̀ ọ́n, ẹni tó tẹ òǹtẹ̀ lé e sì mọ̀ ọ́n. Lébìrà tó ru kọnkéré gun àjà kẹfà kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ògiri kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ rántí Ìta Fájì ní Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà 2019, ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó níbẹ̀, ó sì tó ènìyàn 20 tó kú, tí àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wá gbọ́ láti ẹnu àwọn aláṣẹ pé wọ́n ti fi àmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o, àti pé ilé gbígbé ni ìwé rẹ̀ pè é, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Àmì tí a fi ọ̀dà kọ sára ògiri, ọ̀dà mìíràn lè pa á rẹ́. Èyí tí a bá kọ sí gbangba fún gbogbo ìlú kò ṣeé kùn mọ́lẹ̀.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba tẹ nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìkọ́lé kọ̀ọ̀kan jáde, pẹ̀lú iye àjà tí a fọwọ́ sí, ẹnjiníà tó fọwọ́ sí i, àyẹ̀wò ilẹ̀, àti bí wọ́n bá ti pàṣẹ pé kí iṣẹ́ dúró. Ní New York, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ àdírẹ́sì ilé sínú kọ̀ǹpútà yóò rí ìwé àṣẹ rẹ̀ àti òfin tó rú, láìsan kọ́bọ̀. Agbaṣẹ́ṣe kékeré yóò jèrè rẹ̀, báńkì yóò jèrè rẹ̀, oníṣòwò tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Adjamé náà yóò sì mọ ohun tó ń sanwó lé. Lónìí, àfi ẹni tó ní ìbátan nínú ọ́fíìsì.

Àwọn kan ní àṣírí onílé yóò tú. A kò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré, òfin pàápàá sì dáàbò bo ọ̀ràn ara ẹni. Ṣùgbọ́n iye àjà tó wà lókè orí wa kì í ṣe àṣírí ìdílé ẹnikẹ́ni.

Òfin 2013-867 ti ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ 2013 ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, Ìgbìmọ̀ CAIDP ni a ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá. Síbẹ̀ ilé kì í dúró de ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó wó; ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ síta láìdúró de ẹni tí yóò béèrè.

A mọ̀ pé ìwé kò gbé ògiri dúró. Ẹni tó ń jí sìmẹ́ǹtì kì í kọ ọ́ sí fáìlì. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọ pé àjà mẹ́ta, tí ẹ sì ń da kọnkéré àjà kẹfà, ẹ ó mọ̀ pé ó tó àkókò láti sọ̀kalẹ̀ kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, láti Abidjan dé Bouaké, San-Pédro àti Korhogo, yan ibi iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà, kí ó sì kọ lẹ́tà béèrè ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé. Kí akọ̀wé rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiwa. Ẹ fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí wa. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́, àwa ni yóò gbé e dé iwájú Ìgbìmọ̀.