Ẹ Má San Owó Ọjà Kan Lẹ́ẹ̀mejì
Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n gógó, mo fi fóònù sanwó ìrẹsì. Ẹni tó ń kó o fún mi ní òun ò rí i, mo bá tún un san. Àṣé méjèèjì ló wọlé! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí n tó rí ọ̀kan gbà padà.

Nílé iṣẹ́ ńlá, gbogbo ìwé owó ọjà ló ní nọ́ńbà; bí èyí tí wọ́n ti san bá tún dé, kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́. Ṣé alájọ wa kì í fàmì sí káàdì ni? Ohun kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ra kọ̀ǹpútà kan fún ọjà tí a jọ ń kó. Bí tiránsífà bá sì há, Session ID, nọ́ńbà gígùn 30 yẹn, ni kí ẹ mú lọ sí báńkì kí ẹ tó tún owó fi ránṣẹ́.