Awọ́nríwọ́n kì í ṣe ọmọ ọ̀nì, ẹ yéé pa á torí láìkì

1/ Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ilémọnà, Ọ̀fà àti gbogbo Ìbọ̀lọ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Fídíò tẹ́ ẹ ń ṣíà láti àná, tí wọ́n kọ "a pa ọ̀nì létí odò" sí, kò sí ọ̀nì kankan níbẹ̀. Awọ́nríwọ́n ni. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ ṣíà á. Ìgbà tí wọ́n la ikùn ẹ̀, tí ẹyin ń dà jáde, lojú wá tì mí.

2/ Ẹ wò ó dáadáa. Ọrùn ẹ̀ gùn, orí ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ahọ́n ẹ̀ là sí méjì bíi ti ejò. Ọ̀nì ò lè yọ ahọ́n síta rárá. Ara ẹ̀ rí bí ẹrẹ̀, àmì róbótóróbótó aláwọ̀ ìyeyè sì tò lé e lẹ́yìn. Ó lè gùn tó mítà 2, ìrù ló sì gba èyí tó pọ̀ jù.

3/ Kí ló ń jẹ? Eku, àkàn, ọ̀pọ̀lọ́, ìgbín, ẹyin, àti òkú ẹran tó ń rà létí omi. Bó bá rí èèyàn, á sá wọ odò. Àfi tẹ́ ẹ bá há a mọ́ ló máa fi ìrù nà yín.

4/ Mo mọ̀ pé ẹ máa ní "ó ń kó wa lẹ́yin adìẹ." Òótọ́ ni! Ó ti kó ti màmá mi rí. Ọ̀sán ló máa ń jẹ̀, nítorí náà ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ ń tì lálẹ́ nìkan ò tó. Ẹ fi wáyà yí ilé adìẹ ká, ẹ tètè máa kó ẹyin. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ lé létí odò yẹn, adìẹ ta ló jẹ?

5/ Inú ọ̀gán ni abo ẹ̀ máa ń yé sí. Á gbẹ́ ẹ, á yé ẹyin, ikán á sì tún ojú ihò náà dí. Ẹyin ọ̀hún lè tó 60 nígbà mìíràn, ó sì lè ju oṣù 6 lọ kó tó pa. Ẹ pa ìyá kan, ẹ rò pé ẹyọ kan lẹ pa.

6/ Ẹni tí ebi ń pa tó pa á jẹ, mi ò bá a jà. Bàbá ọdẹ mọ ìdí tóun fi ń pa ẹran. Ẹ̀yin ńkọ́? Ní Florida, l'Amẹ́ríkà, wọ́n ń dẹ ẹ́ torí àlejò ni níbẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń sìn ín ló ti bọ́. Níbí, onílé ni.

7/ Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́ lójú ìwé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa tiyín náà rẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí òmíràn, ẹ dúró lókèèrè, ẹ ya á bó ṣe ń wẹ̀ lọ. Ìyẹn náà á ṣeé wò.