Ṣé Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Gba Ohùn Olùkọ́ Sílẹ̀ Nínú Kíláàsì?

Nínú ọkọ̀ Míkírà tí mo wọ̀ láti Mọ́níyà lọ sí Òjòó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jókòó tì mí ń bá ara wọn jiyàn. Olùkọ́ wọn ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí òun bá rí tó ń fi fóònù gba ohùn òun sílẹ̀ lásìkò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò jáde kúrò nínú kíláàsì. Ọ̀kan ní olùkọ́ náà jàre, pé ohùn ẹni, ohun ìní ẹni ni. Èkejì fèsì pé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í bẹ̀rù fóònù. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Òjòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀ lọ́kàn mi.

Èrò tèmi ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún ní orúkọ kan. Gbígba ohùn sílẹ̀ láti fi kàwé yàtọ̀ sí gbígbà á sílẹ̀ láti fi tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìwà ìbàjẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018, gbogbo Nàìjíríà gbọ́ ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, níbi tó ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dúnàádúrà lórí fóònù pé kó fi ìbálòpọ̀ gba máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ilé-ẹ̀kọ́ náà lé Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akindele kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Bí kò bá sí ohùn yẹn, ta ni ìbá gba ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Kiki Mordi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní BBC tún fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì Èkó àti ní Yunifásítì Ghana. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tó fẹ́ kí olùkọ́ tó bá fi ìbálòpọ̀ da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú fẹ̀wọ̀n jura.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Orí fóònù ni, níbi tí kò ti sí ẹlẹ́rìí kankan. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ gbèjà fífi fóònù ṣọ́ olùkọ́ níwájú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹlẹ́rìí pọ̀ nínú kíláàsì.

Kíláàsì ní ewu tirẹ̀. Olùkọ́ rere a máa sọ èrò tí kò gbà gbọ́, kí ó lè fi ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó han àwọn ọmọ. Bí ẹnìkan bá gé ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú rẹ̀ sí orí TikTok, olùkọ́ náà ti di ọ̀tá ẹ̀sìn tàbí ọ̀tá ẹ̀yà kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kálòlò, tó sì gbìyànjú láti béèrè ìbéèrè, ohùn tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọ ènìyàn ṣeré.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀ròyìn, orí tábìlì ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi sí. Màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ o." Bí wọ́n bá ní kí n pa á, màá pa á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan ti àpòòwé owó sí mi lọ́wọ́ pé kí n gbé ìròyìn kan pamọ́. Ẹ̀rọ náà wà nínú àpò mi, ó ń ṣiṣẹ́. N kò tọrọ àyè lọ́jọ́ náà, ọkàn mi kò sì dá mi lẹ́bi títí dòní. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn ni mo jẹ ní ìtọrọ àyè. Ẹni tó fẹ́ fi mí ṣe ọ̀daràn, n kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

Ìlànà yìí kan náà ni mo fẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́. Kí gbígba ohùn sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ di ohun tó tọ́, ní gbangba, pẹ̀lú ìmọ̀ olùkọ́. Ọmọ tó dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn tí èrò kún, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń bò mọ́lẹ̀, nílò rẹ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, ẹ̀rọ yẹn ni ìwé rẹ̀. Àmọ́ kí ohùn náà má kọjá ọwọ́ ẹni tó fi ń kàwé, kí olùkọ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa á bí ọ̀rọ̀ bá gba ìṣọ́ra.

Ní ti ìhàlẹ̀, ìbálòpọ̀ tàbí owó ẹ̀yìn, kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan fìyà jẹ ọmọ tó bá gba ohùn náà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan yóò ní ọmọ tó fìdí rẹmi lè fi ayédèrú ohùn halẹ̀ mọ́ olùkọ́. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó gbé gbogbo rẹ̀ lódindi, láìgé nǹkan kan, fún ìgbìmọ̀ tí ọ̀gá olùkọ́ kankan kò lè pàṣẹ fún, kí wọ́n sì gbọ́ ẹnu olùkọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ bá di etí, kó má ṣe bínú bí ọmọ bá gbé e lọ sí WhatsApp. Ọmọ tí kò rí baba gbọ́ tirẹ̀ nílé ni í ké lọ sí ìta.

Bí mo bá tún pàdé àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn, màá sọ fún èkíní pé ohùn olùkọ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan nígbà tó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Màá sì sọ fún èkejì pé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan náà lè bẹ̀rù fóònù, bó bá mọ ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe sí ọ̀rọ̀.