Kí A Tó Kọ̀wé Nípa Ọjà, Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Ọjà Léèrè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a ti ń sọ láàárín ara wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí ó sì yẹ kí a sọ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìwádìí nípa ìṣòwò, èyí tí àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò níhìn-ín ní Yábàá gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó gba ìwé ẹ̀rí, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti lọ sí yunifásítì fún oyè kejì sì ń ṣe ní èyí tí ó jinlẹ̀ ju tiwa lọ. Láti 1962 tí a ti dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣòwò ti wà lára ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ojú ọlọ́jà Tẹ́júoṣó, Ọ̀yìngbò àti Ládípọ̀ kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé ìwé àti gègé lọ́wọ́.

Ní èṣí, àwa márùn-ún lọ sí ọjà kan ní Múṣin láti bi àwọn tí ń ta ẹ̀wà àti gàrí léèrè ọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ káàbọ̀. Àwọn bíi tiyín ti wá rí, àwọn mìíràn sì tún wá lẹ́yìn wọn. Gbogbo wọn ni ó bi mí ní iye èrè tí mo ń jẹ. Kò sí ọ̀kan tí ó padà wá sọ ohun tí ó rí fún mi. Kí ni ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa ṣe?" A kí i, a tún un kí, ṣùgbọ́n a kò rí èsì kankan fún un.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni a fẹ́ jẹ́wọ́. Ìwé ìbéèrè 60 ni a gbé lọ. Nígbà tí a bi ènìyàn 38 tán, òjò dé, a sì sá sábẹ́ ìsọ̀ kan. Níbẹ̀ ni a ti fi ọwọ́ ara wa kọ ìdáhùn sí 22 tí ó kù. Nígbà tí a délé tí a ṣe ìṣirò, a rí i pé àwọn tí a bi ní tòótọ́ kò fohùn ṣọ̀kan, bí ẹnì kan ti ń sọ òkè ni ẹlòmíràn ń sọ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn 22 tí a dá sílẹ̀ fúnra wa dáhùn bí ẹgbẹ́ akọrin. Ojú tì wá. A fa ìwé 22 náà ya, a kọ 38 sínú iṣẹ́ wa, a sì sọ ìdí rẹ̀. Máàkì tí a gbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n a sùn dáadáa. Àwọn àgbà wí pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ronú lórí àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú wọn ti orísun kan ṣoṣo wá, èyí nì ni kí ènìyàn kọ ìdáhùn sọ́kàn kí ó tó béèrè.

Àṣìṣe kìíní ni ti orí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò wí pé òun fẹ́ kọ̀wé lórí ìṣòwò àwọn obìnrin ní Nàìjíríà. Ta ni yóò rìn ín já? Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé òun fẹ́ mọ bí àwọn tí ń ta ẹ̀wà ní Ọ̀yìngbò ti ń pinnu iye owó kọ́ńgò kan nígbà tí owó àpò bá gbówó lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e dé ibẹ̀, òpin iṣẹ́ náà yóò sì hàn sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí a gbà pé a ti mọ ohun tí ó dára fún àwọn tí a ń kọ̀wé nípa wọn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nítòsí wa ní Sùúrùlérè. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní àárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí ó ní ilé níbẹ̀ àti àwọn ayálégbé lọ sí àwọn ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Lórí ìwé, ohun rere ni: ilé titun, àyè gbígbòòrò, afẹ́fẹ́ mímọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni kan tí a ń pè ní Peter Marris lọ bá àwọn ènìyàn nínú ilé wọn, àwọn tí ó ṣì wà ní Erékùṣù àti àwọn tí ó ti kó lọ, ó sì tẹ ohun tí ó gbọ́ jáde ní 1961. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò ti pàdánù oníbàárà wọn, pé owó ọkọ̀ ń jẹ èrè wọn, àti pé ìdílé tí ń ran ara wọn lọ́wọ́ ti fọ́n ká. Ẹ kíyè sí i pé kò bi ẹgbẹ́ kan ṣoṣo léèrè. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ó kó lọ nìkan ni ó bi, báwo ni ìbá ṣe mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀?

Àṣìṣe kẹta ni ti ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè. Ìwé ìbéèrè tí a fi èdè Òyìnbó kọ, tí a sì ń túmọ̀ lójú ẹsẹ̀, a máa sọ nǹkan mìíràn ní ọwọ́ olúkúlùkù. Bí a bá bi obìnrin oníṣòwò pé, "Èló ni èrè yín lóṣù?" ohun tí a ó gbọ́ ni "A dúpẹ́" tàbí "Ọjà kò yá." Kì í ṣe pé ó ń purọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka èrè fún àjèjì. Àti pé, nínú ọjà kan náà ni ó ti ń bu gàrí tí wọn yóò mu nílé, tí ó sì ti ń mú owó tí ọmọ yóò fi wọ ọkọ̀. Ó sàn kí a bi í ní iye tí ó ra àpò kan, iye tí ó san fún ọkọ̀ àti fún aláàárù, iye kọ́ńgò tí ó wà nínú àpò náà, àti iye tí ó ń ta ọ̀kan. Ìṣirò tí ó kù, iṣẹ́ tiwa ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó yíyá. Obìnrin tí ó wí pé òun kò yáwó ní báǹkì rí lè ti gba ọjà àwìn lọ́wọ́ alájàpá ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó sì máa dá èsúsú, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń dáwó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó o ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó sì tún lè máa san àjọ fún alájọ tí ń gba owó lójoojúmọ́, tí ó ń dá a padà ní ìparí oṣù, tí ó sì ń mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1952 ni William Bascom ti kọ̀wé tí ó fi hàn pé ètò ìyáwó gidi ni èsúsú jẹ́ láàárín àwa Yorùbá. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ lónìí pé ọlọ́jà wa kò ní ibi tí ó ti ń rí owó yá, nítorí pé báǹkì nìkan ni ó béèrè, ti ṣìnà.

Àṣìṣe kẹrin ni kí a bi àwọn tí ó kù nìkan. Ọjà Tẹ́júoṣó jóná ní 2007, a tún un kọ́, a sì ṣí i ní 2014. Ẹni tí ó bá lọ sí ìsọ̀ tuntun lónìí láti béèrè bí iná náà ti ṣe ìṣòwò sí, àwọn tí ó lágbára láti gba ìsọ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Ẹni tí iná sọ di aláìní kò sí lórí àga tí a fi lọ̀ wá. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ń mú ìṣòwò wó, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tí tirẹ̀ ti wó.

Àṣìṣe karùn-ún ni kí a gbàgbé ọjọ́ tí a béèrè. Ní oṣù kejì 2023, owó ìwé wọ́n bí ojú nítorí owó tuntun tí Báǹkì Àpapọ̀ ń fi rọ́pò ti àtijọ́. Ní oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Ìbéèrè kan náà, ní ọjà kan náà, yóò mú ìdáhùn mẹ́ta wá nínú oṣù mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni ti iye tí a bá nínú ìwé àtijọ́: kí a rántí pé ní 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn, tí pọ́n-ùn 1 di náírà 2, àti pé ní 2014, nígbà tí ìjọba fi 2010 ṣe ọdún ìpìlẹ̀ dípò 1990, iye ọrọ̀ ilẹ̀ wa lórí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọrọ̀ náà kò pọ̀ sí i ní òru ọjọ́ kan. Ìṣirò ni ó yí padà.

Ìkẹfà ni kí a sọ alábàákẹ́gbẹ́ di okùnfà. Bí a bá rí i pé àwọn tí ń san àjọ ní ọjà púpọ̀ ní ìsọ̀ wọn, ṣé àjọ ni ó mú ọjà pọ̀, àbí ẹni tí ọjà rẹ̀ pọ̀ ni ó rí owó san àjọ? Ìkeje sì ni jíjí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ìbáà ṣe láti inú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wa tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń kọ̀wé fúnni. Ẹ̀rọ náà gbọ́n, ṣùgbọ́n kò tẹ ẹrẹ̀ ọjà rí.

Àwọn kan yóò wí pé àkókò kò tó, pé owó ọkọ̀ wọ́n, pé olùkọ́ tí ń tọ́ni ń fẹ́ iye ènìyàn púpọ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ṣe àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ bá olùkọ́ náà ní kùtùkùtù, kí a má ṣe sá fún un títí oṣù ìkẹyìn yóò fi dé, nítorí ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìdáhùn 20 tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju 200 tí a kọ sábẹ́ òjò lọ. Lọ́la ni a ó dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké láti kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹni tí ó ti fi iye èké gba oyè, ojú wo ni yóò fi fa ìlà pupa sí ìwé ọmọ tí ó wo ti ẹnìkejì rẹ̀?

A sì dá àbá kan. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá parí ìwádìí ní ọjà kọ ohun tí ó rí sí ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá, kí ó sì mú un padà lọ fún àwọn tí ó bi léèrè. Àwa márùn-ún ṣe bẹ́ẹ̀. A padà lọ sí Múṣin, a ka tiwa fún ìyá àgbà náà. Ó fetí sílẹ̀ títí a fi parí, ó ní, "Ẹ káre. Ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí nípa kòkòrò. Ẹ̀wà tí kòkòrò bá jẹ nínú àpò, ta ni ẹ rò pé ó san án?" Kò sí kòkòrò nínú ìwé ìbéèrè wa, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò èrè wa.

Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ jẹ́ oníbàárà òtítọ́. Sùúrù lérè, gẹ́gẹ́ bí orúkọ àdúgbò wa ti wí.