Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Ya Òmìnira ní Fótò

Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀yin baálẹ̀ àti ìyálóde, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kétu, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ tì sẹ́yìn.

A dá a lábàá nínú ẹgbẹ́ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ CEG wa ṣe ìdíje fótò lórí àwọn òmìnira tí Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin fún wa. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán kan, kí ó kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí a gbé gbogbo wọn kọ́ síta kí ìlú wá wò ó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde báyìí, làwọn kan ti ń kùn. Wọ́n ní òfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n ní fótò á dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ á lọ ya ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí. A ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣí Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990. Abala 40 rẹ̀ sọ pé dandan ni fún Ìjọba láti tan òfin náà ká, kí ó sì fi kọ́ni. Ó ní kí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn wọ inú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, kí wọ́n sì fi àwọn èdè ilẹ̀ wa sọ ọ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún! Ẹ bi ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Kétu bóyá ó ti gbọ́ abala 40 rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé, òfin gan-an ló ń bá jà.

Àwa tí a ṣiṣẹ́ ìjọba láyé Rẹfolúsọ̀n, a mọ bí ènìyàn ṣe ń wẹ̀yìn wò kó tó sọ̀rọ̀. Ìpàdé àpapọ̀ oṣù Kejì ọdún 1990 ní Cotonou, tí Monseigneur Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀, ló tú wa sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì lónìí kò tíì dé ayé nígbà náà. Ohun tí ènìyàn kò bá mọ iyì rẹ̀, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má tilẹ̀ fura.

Ti wàhálà ńkọ́? Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, a ò ní purọ́ fún yín. Òfin ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 2018. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n fi akọ̀ròyìn Ignace Sossou sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba tó kọ sórí Facebook àti Twitter. Oṣù mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Ṣé ká wá tìtorí ẹ̀ di ẹnu àwọn ọmọ wa? Ó ti o! Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé kí àgbà dúró níwájú ọmọ. Kí a tẹ fótò sórí ìwé, ká má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yà. Kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ nìkan ló wà níta.

Ti awo, ti awo ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ lọ ya Orò. Abala 23 tó fún wa ní òmìnira ọ̀rọ̀, òun náà ló dáàbò bo ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní ọdún 2001, gbangba ọjà là ń jó o. Ta ló ti ń yà wá láti ìgbà yìí wá? Pierre Verger, ọmọ Faransé, ya ilẹ̀ Kétu, ó sì tẹ Ifá níbí. Bahia ní ilẹ̀ Brazil ni àwọn fótò rẹ̀ wà lónìí. A ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ṣé àlejò nìkan ni yóò máa fi ojú tirẹ̀ wò wá ni? Òyìnbó mọ agbára àwòrán. Ní ọdún 1934 ni wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ wa láìgbàṣẹ. Paulin Soumanou Vieyra, ọmọ tí wọ́n bí ní Porto-Novo, Paris ló ti ya fíìmù Afrique-sur-Seine ní ọdún 1955.

Ohun tí àwa náà kò fẹ́ rèé: fótò ọ̀gá tó ń gé rìbọ́nù, fótò olóṣèlú tó ń pín ìrẹsì. Ìyẹn ti pọ̀ jù. Kí ọmọ Ìlárá ya ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi pín ìlú rẹ̀ ní ọdún 1889, kó bi wá léèrè ibi tí òmìnira láti lọ kí a bọ̀, ti abala 25, ń parí sí. Kí òmíràn ya mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ tó wà ní àdúgbò kan náà. Abala 11 ní kí a lo èdè wa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n gbé «signal» kọ́ lọ́rùn nílé-ìwé nítorí pé a sọ Yorùbá. Kí ọmọ ya ìyẹn náà bí ó bá ṣì rí i. Bí fótò kan bá sì fi ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà hàn ní àsìkò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, ẹ má bínú sí ẹni tó yà á. Ẹ wá ọmọ náà lọ.

Ẹ̀yin olóyè wa, ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n tún Òfin Ìpìlẹ̀ ṣe, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìjọba mọ oyè ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ àṣà. Inú wa dùn sí i. Òfin tó mọ̀ yín náà ló mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí. A kò lè mú abala tó wù wá ká fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta là ń béèrè. Kí àwọn baálẹ̀ sọ fún ọjà àti abúlé pé àwọn ọmọ ń bọ̀. Kí àwọn olórí CEG ṣílẹ̀kùn. Kí ààfin gbà wá láyè láti gbé àwọn fótò náà kọ́ sí gbangba. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti àgbà níbẹ̀, ọwọ́ yín ló wà.